Mùsíọ̀ Ọmọ Ìkirè

Bí ẹ bá kọ́lé ní Èkó tàbí n'Ìbàdàn láìpẹ́ yìí, ẹ ti pàdé rẹ̀. Bíríkìlà ló sábà máa ń mú un wá. "Màmá, ẹ má gbé táìlì yín lé àwọn ọmọ àdúgbò yìí lọ́wọ́ o, wọn á bà á jẹ́. Mo ní ará Kútọnu kan." Ọ̀rọ̀ bùṣe. Ó pẹ́ tí a ti gbà ní Nàìjíríà pé ọwọ́ tó ń lẹ táìlì kó gún régé, Kútọnu tàbí Lomé ló ti ń wá, a ò sì jayò pa, nítorí àwọn ará ibẹ̀ tó mọṣẹ́ pọ̀ láàárín wa lóòótọ́. Ibi tí ojúlówó ti ń tà náà ni ayédèrú wá pàtẹ sí.

Mùsíọ̀ dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó dé bẹ́rẹ̀ẹ̀tì, ó ki pẹ́ńsù bọ ẹ̀yìn etí. Kì í dọ̀bálẹ̀. "Bọ́n-júù, Madáàmù" ló fi ń kí obìnrin tó lè bí i. Ẹ fi Yorùbá bá a sọ̀rọ̀, á máa wá èsì bí ẹni tí owó rẹ̀ bọ́ sínú iyanrìn. Gbogbo Faransé tó gbọ́ ò ju mẹ́rin lọ: bọ́n-júù, mèsí, sẹ-bọ́ọ̀n, àti "pa-pọ̀rọ̀bùlẹ́ẹ̀mù", tó fi ń dáhùn gbogbo ìbéèrè tí kò ní ìdáhùn. Ìkirè ni wọ́n bí i sí. Lọ́jọ́ tí ẹnìkan gbé dòdò Ìkirè wá síbi iṣẹ́, Yorùbá ya lẹ́nu rẹ̀ wààrà: "Ta ló dín èyí? Ata inú ẹ̀ ò mà tó!" Káfíńtà tó wà nítòsí wò ó lójú. Mùsíọ̀ yára fi mèsí tì í lẹ́yìn.

Ká má purọ́ mọ́ ọn, ó mọ ojú ògiri í lẹ̀. Á ta okùn, á fi lẹ́fẹ̀lì wò ó, á sì to bọ́dà olódòdó tí Màmá rà wá láti Orílé yí balùwẹ̀ po ní déédéé àyà. Ibi tí bọ́dà pin sí ni ọ̀rọ̀ wà: ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ẹnu ọ̀nà, ibi tí ògiri ti yọ igun síta. Ojú nìkan ni táìlì sẹ̀rámíìkì ti ń dán. Bí wọ́n bá gé e, amọ̀ inú rẹ̀ á hàn síta, pupa tàbí funfun ràkọ̀ràkọ̀, á máa fa omi, á máa gba ìdọ̀tí, á sì mú tó láti ya ọmọdé lápá. Ti bọ́dà tún le jù, nítorí kì í sábà nípọn bákan náà pẹ̀lú táìlì tó wà lókè àti nísàlẹ̀ rẹ̀.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà bo irú etí bẹ́ẹ̀ kò pamọ́. Tíríìmù wà, irin tóóró tàbí ike, tí wọ́n ń ki ẹsẹ̀ rẹ̀ oníhò bọ abẹ́ táìlì nígbà tí símẹ́ǹtì ṣì tutù, kí orí rẹ̀ lè bo amọ̀. Ará Jámánì kan, Werner Schlüter, tí òun náà ń lẹ táìlì jẹun, ló gbé èyí tó lókìkí jù lára rẹ̀ jáde ní 1975. Bí igun bá yọ síta, wọ́n lè fi gíráńdà dá ẹ̀yìn táìlì méjèèjì ní dígírì 45, kí dídán lọ pàdé dídán. Ẹni tó ń ra tíríìmù gbọ́dọ̀ mọ bí táìlì rẹ̀ ṣe nípọn: ti mìlímítà 8 ò lè bo ti 10. Ṣùgbọ́n ṣáájú ni wọ́n ń ṣe gbogbo èyí. Bí táìlì bá ti gbẹ mọ́ ògiri, ẹsẹ̀ tíríìmù ò ríbi wọ̀ mọ́.

Mùsíọ̀ kì í dárúkọ tíríìmù ṣáájú. Ó jọ pé ọjọ́ tí ọ̀gá rẹ̀ ń kọ́ wọn ní iṣẹ́ etí gan-an ló tọrọ àyè lọ síbi ìnáwó, wọ́n sì ṣe fúríìdọ́ọ̀mù fún un bẹ́ẹ̀. Símẹ́ǹtì funfun ni tirẹ̀. Igun ṣẹ́? Símẹ́ǹtì funfun. Bọ́dà ò dé ẹnu ọ̀nà? Símẹ́ǹtì funfun. Ihò tí ológbò lè gbà kọjá lẹ́yìn páìpù? Á kọ́kọ́ ki ìwé àpò símẹ́ǹtì bọ̀ ọ́ ná, lẹ́yìn náà, símẹ́ǹtì funfun.

"Mùsíọ̀, etí ibí yìí ńkọ́? Ó mà ń ya mí lọ́wọ́."

"Pa-pọ̀rọ̀bùlẹ́ẹ̀mù, Madáàmù. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Kútọnu nìyẹn."

"Ó ń yani lọ́wọ́ ní Kútọnu náà?"

"Ẹ ó kùn ún lọ́dà ni, Madáàmù. Owó ọ̀dà ò sì sí nínú iye tá a jọ ná."

Ẹ kíyè sí i pé kò wá ọ̀rọ̀ kankan tì nígbà tó kan owó.

Kó tó gba ìyókù owó rẹ̀, á ya fọ́tò, apá yìí ni mo sì gbádùn jù. Ó mọ ibi tí èèyàn ń dúró sí. Ọmọ iṣẹ́ á fi tówẹ́ẹ̀lì kọ́ ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ilẹ̀kùn á ṣí bo igun, bọ́dà á sì máa dán láàárín bí ọjọ́ ìgbéyàwó. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti wà lórí WhatsApp. Kí ilẹ̀ tó mọ́, onílé mìíràn ti pè é. Màmá fúnra rẹ̀ ń mú àlejò wọ balùwẹ̀: "Ará Kútọnu ló ṣe é o!" Àlejò á fọwọ́ tọ́ bọ́dà lọ títí dé ẹnu ọ̀nà, á yára fọwọ́ sápò, á ní ó dára gan-an ni.

Ọkùnrin kan ń gbé ní òpópónà yẹn kan náà, ọmọ Kétu, kì í ṣe Kétu ti Èkó o, Kétu ti orílẹ̀-èdè Benin. Kó tó gbé ohun èlò sílẹ̀ ló ń béèrè pé, "Màmá, ẹ ti ra tíríìmù?" Ṣùgbọ́n Yorùbá ló fi béèrè, ó sì ti dọ̀bálẹ̀ kí ó tó béèrè. Màmá wò ó tòkè-tilẹ̀, ó ní kó gba ìdajì iye tó pè, torí ọmọ ilé ṣáà ni, kì í ṣe ará Kútọnu.