Ta Ló Mọ̀ Mí ní Rayfield?

Ẹ gbà mí o, ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí tipẹ́. Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 ya àga méjì sọ́tọ̀ fún irú èmi nínú ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò yíyan adájọ́ ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kò sì sẹ́ni tó pè mí rí.

Judicial Service Commission ni wọ́n ń pe ìgbìmọ̀ náà. Ní Plateau tiwa, adájọ́ àgbà ni alága. Kọmíṣánnà ètò ìdájọ́ wà níbẹ̀, Grand Kadi tó jẹ́ olórí kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti Ṣàríà wà níbẹ̀, ààrẹ kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti ìbílẹ̀ wà níbẹ̀, pẹ̀lú lọ́yà méjì tó ti lo ọdún mẹ́wàá ó kéré tán. Lẹ́yìn gbogbo wọn ló wá kan àwa: ẹni méjì tí kì í ṣe lọ́yà, tí ìwà wọn kò lábùkù lójú gómìnà.

Lójú gómìnà! Ibẹ̀ ni wọ́n ti dá mi lóró. Báwo ni gómìnà yóò ṣe rí ìwà mi láti ilé ìjọba ní Rayfield? Ẹ̀wà àti ọkà acha ni mò ń tà lọ́jà. Ẹ dojú múdù mi dé kí ẹ wo ìdí rẹ̀, pẹrẹsẹ ló rí. N kò fi òòlù lù ú wọnú bí àwọn kan ṣe ń ṣe, tí ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀wà yóò fi ṣẹ́ kù sí ìsọ̀ ẹni tó tà á. Àwọn obìnrin tó ń rajà lọ́wọ́ mi mọ̀. Àmọ́ èrò tiwọn kọ́ ni òfin béèrè.

Mo sọ ọ́ fún ọmọkùnrin lọ́yà kan tó jẹ́ oníbàárà mi. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. "Bàbá, ta ló mọ̀ yín?" Mo ní ṣé wọ́n ń ta fọ́ọ̀mù rẹ̀ ni? Ó ní rárá. Ṣé wọ́n ń kéde rẹ̀ lórí rédíò? Ó ní òfin ò ní kí wọ́n kéde. Gómìnà yóò mú orúkọ wá, àwọn aṣòfin yóò fọwọ́ sí i, ó di ọdún márùn-ún.

Bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ kékeré kọ́ o. Orúkọ ẹni tó máa di adájọ́ ilé ẹjọ́ gíga, ọwọ́ ìgbìmọ̀ yìí ló ti ń lọ bá NJC, ìgbìmọ̀ ètò ìdájọ́ ti gbogbo orílẹ̀-èdè, ní Àbújá, NJC yóò tún dá a padà fún gómìnà pé kó yàn án. Májísíréètì àti adájọ́ kóòtù ìbílẹ̀ ńkọ́? Ìgbìmọ̀ yìí fúnra rẹ̀ ló ń gbà wọ́n síṣẹ́, òun náà ló ń lé wọn. Irú kóòtù wọ̀nyẹn ni tèmi. Mo pe ẹni tó jẹ mí lówó lẹ́jọ́ ní ọ̀kan. Lọ́jọ́ tí wọ́n jàjà jókòó, ọwọ́ ni adájọ́ fi ń kọ gbogbo ohun tí mo ń sọ. "Ẹ rọra sọ ọ́, Bàbá." Mo rọra sọ ọ́. Báírò gbẹ. Wọ́n wá òmíràn títí, ni wọ́n bá sún ẹjọ́ síwájú. Ẹ wo ajigbèsè tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́! Bí mo bá wà lórí àga yẹn, ohun tí mo máa kọ́kọ́ bi ẹni tó fẹ́ ṣe májísíréètì ni pé báírò mélòó ló wà lápò rẹ̀. Lọ́yà kankan ò ní rántí bi í.

Ta ló sì máa sọ ní Plateau pé ọ̀rọ̀ adájọ́ kò kan òun? Ní oṣù Kọkànlá 2023, Kóòtù Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní kí Gómìnà Caleb Mutfwang lọ sílé. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kìíní 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá a padà. Àwọn aṣòfin ẹgbẹ́ rẹ̀ nígbà náà tí irú ẹjọ́ ìdìbò kan náà lé kò ríbi gbà padà, nítorí ẹjọ́ tiwọn kì í kọjá Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. NJC tó ń dábàá irú àwọn adájọ́ bẹ́ẹ̀ lé ní ogún ènìyàn. Ẹni méjì péré ni òfin ní kó má jẹ́ lọ́yà, ojú adájọ́ àgbà Nàìjíríà ni wọ́n sì fi ń wò wọ́n yàn. Ní England, alága ìgbìmọ̀ tó ń yan adájọ́ gan-an kò gbọdọ̀ jẹ́ lọ́yà, wọ́n sì máa ń kéde àyè náà kí ẹni tó bá wù kọ̀wé.

Ìyàwó mi ní kí n fi wọ́n sílẹ̀, pé àlejò ni wọ́n ṣì ń pè wá ní Jos. Mo tún ibẹ̀ kà nínú ìwé òfin: kò béèrè ìlú ẹni.

Ẹ̀yin aṣòfin wa, ọwọ́ yín ló kù sí. Bí gómìnà èyíkéyìí bá tún gbé orúkọ ẹni méjì wá, ẹ má kàn ní kí wọ́n tẹrí ba kí wọ́n máa lọ. Ẹ bi í pé níbo ló ti rí wọn, àwọn wo ló tún yẹ̀ wò. Kí wọ́n sì kọ́kọ́ lẹ ìkéde mọ́ ògiri ní Terminus nílùú Jos. Fọ́tò páásípọ́ọ̀tù tèmi ti wà nílẹ̀.