Àwòdì, Mo-gbọ́-mo-yà Ojú Sánmà

Ẹ bá mi kí àlejò wa káàbọ̀ o. Òjò ti dáwọ́ dúró, ọyẹ́ ti ń la ètè wa, àwòdì sì ti dé sí Basin, àdúgbò wa ní Ìlọrin. Kò mú ẹ̀bùn kankan ti ìrìn àjò bọ̀, kò kí onílé. Ó kàn ń yí po lókè òrùlé wa bí ẹni tó ń wá ilé tí wọ́n ti dáná.

Ọ̀rọ̀ tí mo ní sí i pọ̀ nínú mi, torí ẹ̀dọ̀ àgbò kan ni. Mo ń bọ̀ lórí ìyẹn.

Ẹ kọ́kọ́ wo ọ̀gá yìí láàárọ̀. Agogo méje lù, adìyẹ ti ń tan ilẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Unilorin ti ń du mọ́tò ní Tanke. Àwòdì wà lórí òpó iná, ó káwọ́ mọ́ra. Ẹ má rò pé àṣàrò ló ń ṣe o. Ó ń retí kí oòrùn gbóná, kí afẹ́fẹ́ gbígbóná gbéra láti orí ọ̀dà àti páànù, kó gbé òun ròkè lọ́fẹ̀ẹ́. Ó di nǹkan bí agogo mẹ́wàá kó tó na apá, ó wọnú afẹ́fẹ́, ó ń yí, ó ń yí, bóyá ló ju apá lẹ́ẹ̀mejì. Ìrù rẹ̀ tó là sí méjì ló fi ń darí ara rẹ̀. Wákàtí iṣẹ́ rẹ̀ bá ti ọ̀gá kan tí mo mọ̀ mu, àfi pé àwòdì kì í buwọ́ lùwé pé agogo mẹ́jọ lòun dé.

Bí òjìji rẹ̀ bá sì kọjá, ìyá adìyẹ á pariwo, àwọn ọmọ á wọ abẹ́ apá rẹ̀. Kí ló dé? Apá àwòdì fẹ̀ sún mọ́ mítà kan àbọ̀, ṣùgbọ́n ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n, kò tó kílò kan. Agbádá ńlá lára ọkùnrin tín-ín-rín.

Wọ́n ní ọdẹ ni. Ọdẹ wo? Ẹni tó bá dọdẹ á wọ igbó. Mo-gbọ́-mo-yà ni tiwa yìí, ibi tí ẹlòmíràn ti ṣiṣẹ́ tán ló ń yà sí. Èéfín ni ìwé ìpè rẹ̀. Bí àgbẹ̀ bá ti tiná bọ oko nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó ti dé níwájú iná, ó ń ṣa tata àti alángbá tó ń sá àsálà. Ní Ọsirélíà, àwọn onílẹ̀ ibẹ̀ tilẹ̀ ní àwọn ti rí i tó gbé igi tó ń jó lọ síbòmíràn kí iná lè ràn. Ẹ jọ̀ọ́, kí èyí má dé etí ti Basin.

Lọ́jọ́ tí iná ò jó, ó ti gba ọjà Ìpátà lọ, níbi tí àwọn alápatà wà. Bí ò bá ríṣe níbẹ̀, ó kù sí ààtàn. Àwòdì, ìbátan rẹ kan wà tó ń ti Yúróòpù wá sí ilẹ̀ Áfíríkà, ẹsẹ̀ ló fi ń bẹ́ sómi gbé ẹja jáde. Ẹyẹ tó níṣẹ́ lọ́wọ́! Ìwọ ń fò kọjá lórí Odò Asa lójoojúmọ́, o ò bojú wo ẹja, ààtàn lò ń wò.

Ó wá kan ti ẹ̀dọ̀. A ń kómọ ní ilé àbúrò mi, a pa àgbò. Àdúà parí, wọ́n bu ẹ̀dọ̀ sínú àwo fún àfáà, torí ẹni tó ṣe irú àdúà yẹn kì í jẹ eegun. Àfáà na ọwọ́. Nǹkan kan fẹ́ fẹ̀ẹ̀ lẹ́bàá etí wa, àwo ṣófo. Nígbà tí a máa wòkè, àwòdì ti gbé ẹsẹ̀ síwájú bí ẹni fẹ́ dáhùn fóònù, ó tẹ orí ba, ó ń jẹ ẹ̀dọ̀ lọ lójú òfurufú. Kò tilẹ̀ jókòó! Àfáà ní ká fi sílẹ̀, sàráà ni. Sàráà kẹ̀? Èmi tí mo ti fojú sí ẹ̀dọ̀ yẹn kí àfáà tó dé ńkọ́?

Olè náà tún fẹ́ràn fáàrí. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Sípéènì, tó jáde lọ́dún 2011, fi hàn pé àwòdì máa ń kó ọ̀rá funfun lọ ṣe ìtẹ́ lọ́ṣọ̀ọ́, àwọn tó lágbára jù ló sì ń kó jù. Àwọn olùwádìí bá lọ fi ọ̀rá kún ìtẹ́ àwọn tí kò lágbára. Kíá ni àwọn yẹn kó o dànù, kí aládùúgbò má baà wá dán wọn wò. Àwòdì mọ ìwọ̀n ara rẹ̀ ju ẹni tó yáwó ra jíìpù lọ.

Bí òjò bá múlẹ̀, ẹ ò ní rí i mọ́. Koríko á ga, eku á rí ibi sá sí, ojú mímú yẹn á di aláìríṣẹ́. Ló bá di àríwá, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú, tí òjò díẹ̀ sì ń mú tata pọ̀. Ẹlẹ́nu ìyeyè tiwa nìyẹn. Àwọn ẹlẹ́nu dúdú ń ti Yúróòpù bọ̀ ní tiwọn. Ẹ̀yin tó ń wá físà, ẹ óò pàdé wọn lọ́nà. Láàárín Sípéènì àti Mòrókò, omi ò ju nǹkan bí kìlómítà 14 lọ níbi tó ti há jù, síbẹ̀ ẹ̀rù rẹ̀ ń ba ẹni tó ń dẹ́rù ba adìyẹ. Afẹ́fẹ́ gbígbóná ṣọ̀wọ́n lórí omi, àfi kéèyàn ju apá. Wọ́n á kóra jọ sétí òkun máa retí afẹ́fẹ́ tó dáa. Àwọn àgbà kúkú ti rí i tipẹ́: àwòdì tó ń re Ìbarà, ẹ̀fúùfù ta á nídìí, ó ní iṣẹ́ kúkú yá.

Kó tó lọ, ó ku àsè kan. Òjò oṣù kẹrin rọ̀, èsúnsún tú jáde nílẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ní Basin, bàsíà kì í wọ́n wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ Lower Niger River Basin ló fún wa lórúkọ, kì í ṣe bàsíà ìfọṣọ. Àwọn ọmọ gbé omi jáde, wọ́n ń ṣa èsúnsún sínú rẹ̀. Àwòdì wà lókè wọn, ó ń fẹsẹ̀ mú tirẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo wòkè, mo wolẹ̀, mo wọlé lọ gbé bàsíà tèmi.