Ìkà Ẹlẹ́ẹ̀kejì

Nínú géèmù Mass Effect tó jáde ní 2007, ìwọ lo máa yan ìwà tí ọ̀gágun Shepard máa hù: ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ wà lókè, ọ̀rọ̀ gbígbóná wà nísàlẹ̀. Lọ́dún 2020, John Ebenger, ọ̀kan lára àwọn tó ti ṣiṣẹ́ lórí ọ̀wọ́ géèmù Mass Effect, ní nǹkan bí 92% àwọn tó ń gbá a ló ṣe ọmọlúàbí.

Àbúrò mi kan tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní Ọ̀tà ti parí rẹ̀ lọ́mọlúàbí. Ó wá búra pé ìkà lòun máa ṣe lẹ́ẹ̀kejì. Bàbá arúgbó kan yọjú nínú géèmù náà, ìka àbúrò mi ń gbọ̀n lórí bọ́tìnnì. Òkè ló tẹ̀! Ó ní àgbàlagbà ni, kò yẹ kóun dá a lóhùn bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí kọ̀ńdọ́ sọ fún un pé kò sí ṣéńjì lábẹ́ bíríìjì Sango láàárọ̀, ẹ máa rí ìkà!

Ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ ń bẹ̀rù géèmù, ẹ fọkàn balẹ̀. Kọ̀ńdọ́ ni kẹ́ ẹ lọ bá wí.