Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ẹ̀gbọ́n Mi Tó Sọ Kíláàsì Físíìsì di Sinimá

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà, Tíṣà Físíìsì,

Ẹ kú làálàá pírójẹ́tọ̀. Ògiri kan ṣoṣo ló pín kíláàsì yín àti tèmi níyà, kò sì sí bí mi ò ṣe ní gbọ́ ariwo "yéè!" tí àwọn ọmọ ń pa nígbà tí bátìrì bá gbiná lójú àwòrán yín. Àwọn tí mò ń kọ́ ní ìṣirò ti ń bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí àwọn yà sọ́dọ̀ yín. Ó kù kí ẹ máa ta gúgúrú lẹ́nu ọ̀nà. Láti ìgbà tí ẹ ti gbàgbé ṣọ́ọ̀kì, aṣọ yín náà ti ń mọ́ ju ti gbogbo wa lọ. Ìyàwó wa nílé á máa dúpẹ́.

Irinṣẹ́ tí ẹ mú dára, mi ò jiyàn. Carl Wieman ló dá PhET, àwọn àwòrán físíìsì orí kọ̀ǹpútà tí ẹ ń lò yìí, sílẹ̀ ní Yunifásítì Colorado ní ìlú Boulder, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 2002, ọdún kan lẹ́yìn tí òun àti àwọn méjì mìíràn jọ gba ẹ̀bùn Nobel nínú físíìsì. Ọ̀fẹ́ ni. Bí ẹ bá sì ti gbà á sórí kọ̀ǹpútà tán, kò tún ní béèrè dátà lọ́wọ́ yín. Ní yunifásítì yẹn kan náà, Noah Finkelstein àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ní àwòrán iná mànàmáná yìí dípò wáyà àti gílóòbù gidi. Nígbà tí wọ́n wá ní kí gbogbo wọn so wáyà gidi pọ̀, àwọn tó ti inú kọ̀ǹpútà wá ló ṣe dáadáa jù. Ọdún 2005 ni wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde.

Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n, ọwọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yẹn ni máọ́ọ̀sì wà. Tiyín ńkọ́? Ẹ̀yin lẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́, ẹ̀yin lẹ̀ ń ṣàlàyé, àwọn ọmọ ń pàtẹ́wọ́. Eric Mazur àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Harvard ti yẹ irú ìran báyìí wò. Lọ́dún 2004 wọ́n kọ ọ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ tó kàn jókòó wo ohun tí olùkọ́ ń ṣe níwájú kíláàsì kò lóye ju ẹni tí kò rí i rárá lọ. Àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n kọ́kọ́ sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ ni òye wọn jinlẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú gílóòbù méjì tó jọra, tí a tò tẹ̀lé ara wọn sídìí bátìrì kan. Ẹ bi wọ́n pé èwo ni yóò mọ́lẹ̀ jù. Púpọ̀ nínú wọn á ní èyí tó kọ́kọ́ gba iná ni, pé ẹni tó bá tètè dé ìdí ìkòkò ló ń he ẹran. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ má sì tíì tún un ṣe. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, kí wọ́n fi bá ara wọn jà díẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ọ̀kan nínú wọn jáde wá so ó lórí kọ̀ǹpútà. Wọ́n á rí i pé eré kan náà ni àwọn róbótó búlúù tó dúró fún ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù nínú àwòrán ń sá ṣáájú gílóòbù àkọ́kọ́, láàárín méjèèjì, àti lẹ́yìn ìkejì. Ìmọ́lẹ̀ méjèèjì sì dọ́gba. Ẹnu á ya ẹni tó ti kọ ìdáhùn sílẹ̀. Ẹni tí kò kọ nǹkan kan á ní, "Mo mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀," irọ́ ló sì ń pa.

Ẹ tún sọ fún wọn pé àwòrán náà ń bù mọ́ ọn díẹ̀. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kì í ṣe búlúù. Nínú wáyà ilé wa, kì í sábà rìn tó mílímítà kan láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ohun tó ń jẹ́ kí gílóòbù tàn kíá ni pé wọ́n ti kún inú wáyà tẹ́lẹ̀, gbogbo wọn sì jọ ń gbéra ni.

Àwòrán péńdúlọ́ọ̀mù inú PhET ní tirẹ̀ ń gbé wa dé ibi tí láàbù wa kò lè gbé wa dé. Okùn mítà kan tó ń fì lọ fì bọ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá méjì níhìn-ín á gbà tó márùn-ún lórí òṣùpá, ẹ sì lè fi ìka kan gbé e lọ síbẹ̀. Àmọ́ tí ẹ bá pa ìfarakínra inú rẹ̀, á máa fì títí ayé. Èyí tí ọmọ máa bá pàdé nínú ìdánwò WAEC kì í ṣe bẹ́ẹ̀: atẹ́gùn á fẹ́ sí i, ọwọ́ á gbọ̀n, á gbàgbé bóyá ìfì kejìdínlógún ló kà ni tàbí ìkọkàndínlógún. Sinimá kì í gbọ̀n lọ́wọ́.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, ẹ yọ̀ǹda máọ́ọ̀sì fún wọn. Lọ́jọ́ kejì, kí ẹ lé aláǹtakùn kúrò lára irin tí a fi ń so péńdúlọ́ọ̀mù rọ̀ nínú láàbù, kí wọ́n so òkúta mọ́ okùn, kí wọ́n kà á fúnra wọn. Bí aago tí wọ́n máa fi kà á kò bá tó, ẹ wá gba fóònù mi.

Èmi ni àbúrò yín,
Tíṣà Ìṣirò, ẹ̀yìn ògiri.