Wọ́n Jẹun Tán, Wọ́n Ní Kí N Wá Sanwó

Ẹ gbà mí o, ẹ̀yin ará ilé! Iṣẹ́ pákó ni mo ń ṣe ní Ìjẹ̀bú-Igbó. N ò bá Rọ́ṣíà jà, n ò mọ ọ̀nà Ukraine. Síbẹ̀, nígbà tí ìbọn dún lọ́hùn-ún ní February 2022, dísẹ́ẹ̀lì tí a fi ń la gẹdú fò sókè. Kí ọdún náà tó parí, owó rẹ̀ ti ju ìlọ́po méjì lọ. Èwo ni tèmi níbẹ̀?

Mo bèèrè àwọn tó yẹ kó la ìjà náà. Wọ́n ní Ìgbìmọ̀ Ààbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ni. Orílẹ̀-èdè 15 ló ń jókòó níbẹ̀, àmọ́ márùn-ún ni onílé: Amẹ́ríkà, Rọ́ṣíà, Ṣáínà, Faransé àti Ìlú Ọba. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ti ní "mi ò gbà", ọ̀rọ̀ bùṣe. Ogun náà pé ọjọ́ kejì, wọ́n dìbò láti bá Rọ́ṣíà wí. Ta ló ní òun ò gbà? Rọ́ṣíà! Ta ló sì ń ṣe alága lóṣù yẹn? Rọ́ṣíà náà ni!

Àwa náà ní àdúgbò márùn-ún níbí: Òkè-Sópẹ́n, Òkè-Àgbò, Òjòwò, Àtìkórí àti Jàpárà. Kí ọ̀kan nínú wọn dán an wò, kó ní ohun tí òun bá kọ̀, ìlú ò gbọdọ̀ ṣe é. Ẹ ó gbọ́ ariwo wa ní Ìjẹ̀bú-Òde!

Láti Àgọ́-Ìwòyè títí dé Abígì lẹ́bàá omi, ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́ta ló ń pín àga kan ṣoṣo nílé aṣojú-ṣòfin l'Ábújá. Kò tó wa, ṣùgbọ́n a ní. Áfíríkà tó ní orílẹ̀-èdè 54 ò ní àga onílé kan ní Ìgbìmọ̀ Ààbò. Ìgbà márùn-ún ni Nàìjíríà ti wọlé síbẹ̀, ọdún méjì méjì, bí ayálégbé. Ìparí 2015 la kẹ́rù jáde kẹ́yìn. Àwa tí ọmọ ogun wa pọ̀ jù nínú ECOMOG, ẹgbẹ́ ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó lọ paná ogun Làìbéríà ní 1990! Láti 2005 làwọn olórí Áfíríkà ti ń bèèrè àga onílé méjì. Ìjẹ̀bú wo ló ń dáwó níbi tí wọn ò ti ní jẹ́ kó sọ̀rọ̀?

Bí mo ṣe ń ráhùn nídìí ìkọ́kọrẹ́ nìyẹn. Ìyàwó mi ní: "Òótọ́ lẹ sọ, bàbá àwọn ọmọ. Ìpàdé mọ̀lẹ́bí tẹ́ ẹ ṣe ní Sátidé, tẹ́ ẹ ní kí n wá dáná fún ọgọ́ta èèyàn, ta ló pè mí sí i?"

Ẹnu mi wọhò. Ó ku díẹ̀ kí n ní "mi ò gbà", ni mo bá rántí Rọ́ṣíà. Mo rọra bu òkèlè míì.