Oríkì Ìròyìn Àyíká Ọdọọdún

Ìròyìn Àyíká Ọdọọdún, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja! Gbogbo Odogunyan ló ní kí n kí ọ, láti ẹnu géètì Ìkòròdú Industrial Estate dé etí ọ̀sà ní Ìpakodò. Aláwọ̀-ewé tí kò hù lóko ẹnìkan. Bébà tó dán bí ojú ìyàwó ọ̀ṣìngín. Ọmọ bíbí Victoria Island, tó ń pìtàn ilé iṣẹ́ oúnjẹ àti ohun mímu tí kò fẹsẹ̀ tẹ ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ rí.

Ọ̀gá oníṣirò! Ká ní ilé iṣẹ́ kan ń fa omi lítà 4 kí lítà ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan tó jáde. Wọ́n ra ẹ̀rọ tuntun, ó di 3. O bẹ́ sókè, o ní a ti dín omi kù ní ìdá kan nínú mẹ́rin. Àmọ́ ọtí tí wọ́n ń pọn ti di ìlọ́po méjì: níbi tí wọ́n ti ń fa lítà mílíọ̀nù 4 tẹ́lẹ̀, mílíọ̀nù 6 ni wọ́n ń fà báyìí. Kànga-dẹ̀rọ kò mọ ìpín, kó ṣáà máa fà ló mọ̀. Adínkù-má-dín, ẹ̀rù rẹ bà mí!

Asúnlérí-síwájú, alóyún-ọdún-gbọọrọ! Ní 2022, Coca-Cola ṣèlérí fún gbogbo ayé pé tó bá fi máa di 2030, ìdá kan nínú mẹ́rin ohun mímu òun yóò máa wà nínú ohun tí a lè dá padà kí wọ́n tún rọ nǹkan sí i. Oṣù Kejìlá ọdún 2024 ni ìlérí ọ̀hún pòórá. Ìyá tó ń ta kóòkì ní Gáréèjì Ìkòròdú, tí kì í gbójú kúrò lára ìgò rẹ̀ títí oníbàárà fi mu ún tán, ti ń mú un ṣẹ kí wọ́n tó tẹ̀ ọ́ jáde. Wọn kò fún un lámì-ẹ̀yẹ kankan o.

Olóhun-má-nìí-mọ́! Ike tó wà nínú ọgbà, o ní tiwa ni. Ike tó jáde ní géètì, ó di ti ẹni tó mu ún. Lóòótọ́, láti 2013 ni àwọn ilé iṣẹ́ ti dá Food and Beverage Recycling Alliance sílẹ̀ láti máa kó o padà. Àwọn tó ń ṣa ike ń ṣiṣẹ́ gidi, mi ò bá wọn jà. Àwòrán wọn wà nínú rẹ, wọ́n rẹ́rìn-ín. Iye tí wọ́n ń gbà lórí kílò kan ni mo wá tì.

Láti 2009 ni òfin ìjọba àpapọ̀ ti wà lórí omi ìdọ̀tí ilé iṣẹ́ oúnjẹ, ohun mímu àti tábà, àjọ àyíká NESREA sì ni olùṣọ́ rẹ̀. Gbólóhùn kan lo fi dáhùn: a ń pa gbogbo òfin mọ́. Ọmọ iléèwé tó ń gbin igi ló gba ìyókù ojú ìwé.

Arínú-2050-má-rí-gọ́tà, wá kí wa lọ́jọ́ òjò. Má wọ bàtà funfun.