Ohun Tí A Fẹ̀sọ̀ Mú, Tí Ó Sì Bàjẹ́

Àwọn àgbà tí orí wọn ti hu ewú ọgbọ́n kí irùngbọ̀n wọn tó hu ewú ogbó ni wọ́n fi í lélẹ̀ fún wa pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Kò sí ọ̀kan nínú ìlú méje Ìbàràpá, láti Erúwà àti Lánlátẹ̀ dé Ìgbò-Ọrà àti Ìdèrè, títí kan Ayétẹ̀, Tápà àti Ìgàngàn, tí a kì í ti í pa òwe yìí. Obìnrin tí ó rẹ gbágùúdá sómi nítorí láfún mọ̀ pé bí òun kò bá jẹ́ kí ó pé ọjọ́ rẹ̀ nínú omi, asán ni làálàá òun. Ṣùgbọ́n òwe tí ó bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò mọ ibi tí à ń lò ó sí, pàṣán ni yóò dà. Ó sì jọ pé àwọn tí ń ṣe ìyàwó lóde òní ti gba èyí lọ́wọ́ àwọn àgbà, wọ́n ti ń fi í na àlejò.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ibi tí àwọn baba wa ń lo ẹ̀sọ̀ sí. Bí ọ̀dọ́mọkùnrin kan bá rí wúńdíá tí ó wù ú lọ́nà odò, ọjọ́ náà kọ́ ni ó ń di aya rẹ̀. Alárinà ni yóò kọ́kọ́ máa yọ́ lọ yọ́ bọ̀. Ẹbí ọ̀tún àti ẹbí òsì yóò wádìí bóyá àrùn burúkú ń bẹ nínú ìdílé, bóyá wọ́n ń jalè, bóyá ọ̀lẹ ni wọ́n, bóyá gbèsè wọ̀ wọ́n lọ́rùn. Wọn yóò bi Ifá léèrè. Lẹ́yìn èyí ni ìjọ́hẹn, lẹ́yìn ìjọ́hẹn ni ìdáná, tí obì, orógbó, ataare, oyin àti iṣu yóò wọlé àna. Oṣù á máa gorí oṣù, ọdún á sì máa gorí ọdún. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọjọ́ ìgbéyàwó gan-an bá kò, ẹ̀sọ̀ ti parí iṣẹ́ tirẹ̀, ó ti gba ilé lọ. Láti òwúrọ̀ kùtùkùtù ni iná ti ń jó lábẹ́ ìkòkò. Ẹni tí ó bá wọlé, àmàlà àti ọbẹ̀ ìlasa ni yóò bá pàdé kí ó tó bá ìjókòó pàdé. Bí ìyàwó ti ń sun ẹkún ìyàwó láti ojúlé dé ojúlé àwọn ìbátan ni àwọn tí ń sìn ín kiri ń jẹ, tí wọ́n ń mu. Bí ilẹ̀ bá sì ṣú tán, tí wọ́n mú un dé ẹnu ọ̀nà ilé ọkọ, tí wọ́n fi omi tútù wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ kí ó tó wọlé, kò sí ẹnìkan nínú àwọn tí ó tẹ̀ lé e tí inú rẹ̀ ń kùn.

Àwa ni a wá da òwe náà délẹ̀. Orí fóònù ni ọ̀dọ́mọkùnrin ti ń rí wúńdíá báyìí. Oṣù mẹ́ta ti pọ̀ jù fún wọn láti mọ ara wọn. Alárinà ti di aláìníṣẹ́, ìwádìí sì ti di ọ̀rọ̀ ìtàn. Ìkánjú ni a fi ń fẹ́ ìyàwó, ẹ̀sọ̀ ni a wá fi ń gbé oúnjẹ fún àlejò.

Ẹ bá mi kálọ sí ọ̀kan nínú irú ìnáwó bẹ́ẹ̀, ní Sátidé kan báyìí. Ìwé ìpè ti sọ pé aago 10 àárọ̀ ni ìsìn yóò bẹ̀rẹ̀, pé ìkónijọ ní gbọ̀ngàn yóò sì tẹ̀ lé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Aago 12 kọjá díẹ̀ ni àlùfáà ti súre tán. Nígbà tí yóò fi di aago 1, gbogbo àlejò ti jókòó, aṣọ ẹbí ti bo gbọ̀ngàn láti ìhà kan dé èkejì, gèlè sì le gbandi lórí àwọn ìyá. Aago 2 lù, adarí ètò gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sẹ́nu, ó ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ara wọn, wọ́n pàtẹ́wọ́. Aago 3 lù, òórùn ẹran díndín gba ojú fèrèsé wọlé láti ẹ̀yìnkùlé, níbi tí àwọn alásè jókòó tì kúlà tí a ti dé pinpin, tí obìnrin kan sì dúró tì wọ́n bí ẹni tí ń ṣọ́ ìṣúra ọba. Onígángan tí a pè wá kì àwọn ẹni ńlá, tí ó ti ń ki Àlàbí mọ́ Àkànní láti àárọ̀, ti gbé ìlù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, nítorí pé ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, bí ọ̀rọ̀ náà tilẹ̀ jẹ́ oríkì.

Ìyá àgbà kan tí ó ti Ayétẹ̀ wá, tí ó ti mu ẹ̀kọ rẹ̀ láti aago 6 kí ó tó wọkọ̀, fọwọ́ pe ọmọbìnrin kan lára àwọn tí ń tọ́jú àlejò.

"Ọmọ mi, kí ni a ń dúró dè?"

"Ẹ má bínú, Màmá. Ìyàwó àti ọkọ ṣì ń ya fọ́tò ni. Ẹ ní sùúrù, mà. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú, kì í bàjẹ́."

"O ṣeun, ọmọ mi. Ṣé mọ́ínmọ́ín tí mo ń gbóòórùn rẹ̀ lẹ́yìn ilé yẹn náà ti gbọ́ òwe yìí?"

Ọmọ náà kò rí èsì fọ̀. Ìyá tú kókó etí ìró rẹ̀, ó mú kúlíkúlì jáde, ó sì pín in kárí tábìlì. Bẹ́ẹ̀ ni odidi ènìyàn mẹ́wàá, tí wọ́n ti fi owó ńlá ra aṣọ ẹbí, ṣe jẹ́ pé etí ìró arúgbó ni wọ́n ti rí ohun fi sẹ́nu. Bí aago 4 ti kọjá ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí kúlà, mọ́ínmọ́ín sì ti kan. Alásè ni wọ́n bú.

Níbo wá ni tọkọtaya wà ní gbogbo àkókò yìí? Wọ́n wà lẹ́sẹ̀ àpáta kan lẹ́yìn ìlú, níbi tí onífótò, ẹni tí ó ti gba ipò olórí ẹbí lọ́wọ́ olórí ẹbí, ti ń pàṣẹ fún wọn. Ó ní kí ọkọ gbójú sókè, ọkọ gbójú sókè. Ó ní kí ìyàwó ṣe bí ẹni ń sá, ìyàwó ká aṣọ sókè, ó ń sá. Lẹ́yìn èyí, wọ́n ní láti lọ pààrọ̀ aṣọ, nítorí pé èyí tí a fi wọ ilé Olúwa kò yẹ ní wíwọ̀ níwájú ìrẹsì. Àwọn fọ́tò náà yóò dé orí Facebook kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà yóò rí i, wọn yóò yìn ín. Ẹni tí kò wá ni a ń ṣe lálejò. Ẹni tí ó wá ni a ń febi pa.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe sọ pé ẹ̀sìn ni ó kọ́ wa. Níbi ìgbéyàwó Kánà ti Gálílì, ìbẹ̀rù kan ṣoṣo tí ó wà níbẹ̀ ni pé wáìnì tí àwọn ènìyàn ti ń mu bọ̀ ti tán. Ní tiwa, kò tí ì bẹ̀rẹ̀ ni. Ànábì Muhammad sọ fún Abdur-Rahman ọmọ Awf, nígbà tí ó gbọ́ pé ó ti gbéyàwó, pé kí ó se wòlímà, ì báà ṣe àgùntàn kan ni yóò pa. Kò ní kí ó kọ́kọ́ lọ pààrọ̀ ẹ̀wù. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe Òyìnbó tí a ti rí aṣọ funfun àti òrùka yáwó ni ó kọ́ wa, nítorí pé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, títí di ọdún 1886, bí kì í bá ṣe pẹ̀lú ìyọ̀ǹda pàtàkì, òfin kò gbà kí a so ẹnikẹ́ni pọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn aago 12 ọ̀sán. Ọdún náà ni wọ́n sún un dé aago 3, ó sì di ọdún 1934 kí wọ́n tó sún un dé aago 6 ìrọ̀lẹ́. Àwọn tí a so pọ̀ láàárọ̀ ń ti ṣọ́ọ̀ṣì lọ sídìí oúnjẹ tààrà. Àwa tí òfin ìgbéyàwó wọn dé ọ̀dọ̀ wa ní Èkó lọ́dún 1884, a gba fìlà, a gba ìbọ̀wọ́, a fi àwo oúnjẹ sílẹ̀ fún wọn.

Ọ̀rọ̀ ebi nìkan kọ́. Ẹni tí yóò padà sí Tápà tàbí Ayétẹ̀ láti Erúwà mọ irú ọ̀nà tí ó wà níwájú rẹ̀, àti pé láti òru ọjọ́ tí àwọn apànìyàn wọ Ìgàngàn ní oṣù Okúdù ọdún 2021, kò sí ọlọ́gbọ́n tí ó fẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá òun lójú ọ̀nà náà. Ẹni tí ó bá wá fi àlejò pamọ́ di ìrọ̀lẹ́ nítorí fọ́tò, ẹ̀mí àlejò ni ó ń fi ṣeré.

Òfin ìgbéyàwó Nàìjíríà ní kí ìsìn wáyé láàárín aago 8 àárọ̀ sí aago 6 ìrọ̀lẹ́, kí ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí, kí ó sì ṣojú ẹlẹ́rìí méjì, ó kéré tán, yàtọ̀ sí òjíṣẹ́ Ọlọ́run. Méjì péré ni òfin béèrè. Ẹni tí ó bá ní ẹ̀sọ̀ ni òun fẹ́ ṣe, kí ó mú ẹlẹ́rìí méjì náà dání lọ sẹ́sẹ̀ àpáta, kí wọ́n jọ ya fọ́tò títí oòrùn yóò fi wọ̀, kò sí ẹni tí yóò bi í. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi igba mìíràn kún méjì, tí ó tà wọ́n láṣọ, tí ó sì gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ wọn, ti jẹ gbèsè igba àwo oúnjẹ, láti ìṣẹ́jú tí àlùfáà bá ti ṣe àmín. Àwọn àgbà ní ẹni tí a forí rẹ̀ fọ́ àgbọn kì í jẹ níbẹ̀. Kí àwa tí orí wa kò yá sí àgbọn fífọ́ mọ́ máa jẹun yó nílé kí a tó jáde, kí a sì máa di kúlíkúlì sétí aṣọ.